Ta ló ń jẹ òdiwọ̀n render wa tán kí oṣù tó dé ìdajì?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Abẹ́òkúta la wà, àdìrẹ là ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọjà bíi 640 ló wà lórí wẹ́ẹ̀bùsáìtì wa. React ni mo fi kọ ọ́, torí náà à ń sanwó fún ilé iṣẹ́ kan tó ń bá wa render ojú ìwé fún Google àti àwọn bọ́ọ̀tì yòókù, ìyẹn àwọn ẹ̀rọ tó ń ka ojú ìwé kiri fúnra wọn. Ìgbà 10,000 ni wọ́n fún wa lóṣù. Lóṣù tó kọjá, ọjọ́ kọkànlá ló ti tán. Láti ìgbà náà, bí oníbàárà bá fi líǹkì ọjà ránṣẹ́ lórí WhatsApp, òfìfo ló ń jáde: kò sí àwòrán, kò sí orúkọ ọjà. Ọ̀gá mi ní kí n lọ ra ètò tó tóbi ju èyí lọ, dọ́là sì ni wọ́n ń gbà. Kódà nígbà tí òdiwọ̀n ò tíì tán, mo máa ń rí àṣìṣe 429. Ṣé kí n ra èyí tó tóbi? Ṣé kí n sì jẹ́ kí wọ́n máa tún gbogbo ojú ìwé render lójoojúmọ́, kí iye owó ọjà má bàa di ti àtijọ́ lójú Google? Mo fi àkọsílẹ̀ sáfà wa ti ọjọ́ kan mọ́ ọn.

Ìdáhùn

Má tíì ra nǹkan kan, àbúrò mi. Bẹ ọ̀gá rẹ pé kó fún ọ ní ọ̀sẹ̀ méjì. Mo ka àkọsílẹ̀ tó o fi ránṣẹ́ látòkè délẹ̀, òdiwọ̀n yín kò kéré rárá. Ohun tó ń ṣe yín ló ń ṣe ilé tí yúnìtì iná ti ń tán láàárín ọjọ́ mẹ́ta: ẹnì kan ló fa wáyà láti ẹ̀yìnkùlé sára mítà yín. Bẹ́ ẹ bá ra yúnìtì ìlọ́po mẹ́ta, fíríìsà aládùúgbò lẹ ra iná fún.

Kí àwọn tí iṣẹ́ yìí ṣàjèjì sí lè bá wa lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí wọ́n ń sanwó lé lórí. Wẹ́ẹ̀bùsáìtì tí wọ́n bá fi React tàbí Vue kọ, tí wọn ò sì ṣètò rẹ̀ lọ́nà mìíràn, òfìfo ló sábà máa ń kúrò ní sáfà: àpótí kan tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀, àti JavaScript tó máa wá kún un. Iṣu tútù ni. Fóònù oníbàárà ní sítóòfù tirẹ̀, ìyẹn Chrome tàbí Safari, òun ló máa sè é kó tó gbé e síwájú ẹni tó fẹ́ rajà. Ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀tì ò ní sítóòfù o, àwo nìkan ni wọ́n gbé dání wá. Ibẹ̀ ni ilé iṣẹ́ tó ń bá ènìyàn render ti wọlé. Bí bọ́ọ̀tì bá dé, wọ́n á ṣí ojú ìwé náà nínú Chrome gidi lórí ẹ̀rọ tiwọn, wọ́n á dúró kó jinná, wọ́n á wá bu HTML tó ti kún sínú àwo fún un. Wọ́n á fi ẹ̀dà kan pamọ́ sínú cache, kí ẹni tó bá tún béèrè lè rí i gbà láìtún dáná. Iná dídá yẹn ni wọ́n ń kà sí yín lọ́rùn. Chrome kan ń jẹ mẹ́mọ́rì bí ẹni tí ebi ti pa, ojú ìwé kan sì lè gba ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin kó tó jinná, ìdí nìyẹn tí kò fi sẹ́ni tó ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá pọ̀.

Ohun kan tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé nínú gbogbo bọ́ọ̀tì, ti Google ló nílò iṣẹ́ yìí jù lọ látijọ́, òun ló sì nílò rẹ̀ kéré jù báyìí. Lọ́dún 2009, Google fúnra wọn ló mú ètò kan wá tí sáfà yóò fi máa sè é sílẹ̀ de bọ́ọ̀tì wọn. Wọ́n pa á tì lọ́dún 2015. Lọ́dún 2018 wọ́n ní kí ẹni tó bá fẹ́ máa fún bọ́ọ̀tì ní ti sísè, kó fún ènìyàn ní tútù. Nígbà tó di oṣù karùn-ún ọdún 2019, bọ́ọ̀tì wọn ti ń lo Chrome tó bá ìgbà mu, ó ń sè é fúnra rẹ̀. Lónìí, ohun tó wà nínú ìwé ìtọ́sọ́nà wọn ni pé ọgbọ́n à-fi-bọ́-nínú-wàhálà lásán ni, pé kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń gbára lé títí. Màá padà sórí èyí.

Ọ̀rọ̀ 429 ni kí n kọ́kọ́ mú kúrò nílẹ̀, torí o dà á pọ̀ mọ́ ti òdiwọ̀n oṣù. Ọ̀tọ̀ ni méjèèjì. Nínú ìwé àdéhùn tẹ́ ẹ bá wọn ṣe, wàá rí iye ìgbà tí wọ́n lè dáná fún yín lóṣù, wàá sì rí iye ìkòkò tó lè wà lórí iná lẹ́ẹ̀kan náà. Tiyín, ìkòkò márùn-ún ni. Bí ẹnì kan bá gbé ìkẹfà dé nígbà tí márùn-ún ṣì ń hó, 429 ni wọ́n á fún un, nọ́ńbà tí wọ́n fi sínú ìlànà HTTP lọ́dún 2012 láti sọ pé ìpè rẹ ti pọ̀ jù, sinmi ná.

Ó yẹ kí ìkòkò márùn-ún tó o. Bí ojú ìwé kan bá ń gba ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin, ìkòkò kan á se 15 ní ìṣẹ́jú kan, márààrún á se 75. Ojúlé yín ò ní bọ́ọ̀tì 75 tó ń dé ní ìṣẹ́jú kan. Àmọ́ wo àwọn ìlà tí mo fi àmì sí nínú àkọsílẹ̀ rẹ. Mọ́kànlélógójì ló wà níbẹ̀ tó lo ìṣẹ́jú àáyá 30 géérégé, kò dín, kò lé. Ohunkóhun tó bá ń gba 30 géérégé nínú iṣẹ́ wa, kò jinná ni; ó sú wọn ni wọ́n fi gbé e sọ̀ kalẹ̀. Tí gbogbo ìkòkò bá sì bọ́ sínú irú ipò yìí pa pọ̀, méjì méjì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan á máa se ní ìṣẹ́jú kan. Mẹ́wàá péré. Ibẹ̀ ni 429 rẹ ti wá.

Mo ṣí ojú ìwé kan nínú àwọn 41 náà láti wo ohun tó ń dá a dúró. Ó tó ìṣẹ́jú mélòó kan kí n tó rí i: bọ́tìnnì kékeré tó wà nísàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún ni, èyí tẹ́ ẹ kọ «Ẹ bá wa sọ̀rọ̀» sí. Bọ́tìnnì yẹn máa ń ṣí ojú ọ̀nà sí sáfà àwọn tó ni ín, kì í sì í tì í. Ẹni tó ń render, ó ń dúró kí ariwo nẹ́tíwọ́ọ̀kì rọlẹ̀ kó tó gbà pé ojú ìwé ti jinná. Nínú Puppeteer, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń darí Chrome láti inú kóòdù, tí àwọn tó ń ṣe Chrome gbé jáde lọ́dún 2017, ìlànà tí wọ́n ń pè ní networkidle0 ní kí ó má ṣe sí ìsopọ̀ kankan fún ìdajì ìṣẹ́jú àáyá. Bọ́tìnnì yín ò jẹ́ kí ìdajì yẹn pé láéláé. Ó dà bí àlejò tó dìde tó ní òun ń lọ, tó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń sọ̀rọ̀.

Nǹkan méjì ni wàá ṣe. Bá àwọn tó ń render sọ ọ́ nínú ètò wọn pé kí wọ́n má ṣe gbé bọ́tìnnì yẹn wọlé, pẹ̀lú gbogbo kóòdù tó ń ka èrò àti fọ́ńtì. Bọ́ọ̀tì ò fẹ́ bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Èkejì, fi ẹnu ara rẹ sọ ìgbà tó jinná fún wọn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé iṣẹ́ wọ̀nyí ní àmì kan tí kóòdù rẹ lè gbé sókè. Ti Prerender, bí àpẹẹrẹ, `window.prerenderReady` ni. O máa fi í sí false lókè ojú ìwé, nígbà tí orúkọ ọjà, àwòrán àti iye owó bá ti dé, o sọ ọ́ di true. Ṣọ́ra níbí o: bí ọjà náà ò bá sí mọ́, tàbí dátà kọ̀ tí kò wá, àmì yẹn gbọ́dọ̀ di true síbẹ̀. Mo ti rí ẹni tó fi í sílẹ̀ nínú ibi tí nǹkan ti dáa nìkan, gbogbo ojú ìwé tó bá bàjẹ́ sì ń jẹ ìṣẹ́jú àáyá 30 wọn.

Ó kù àwọn tó fa wáyà. Lọ́jọ́ tó o fi àkọsílẹ̀ rẹ̀ ránṣẹ́, ìgbà 912 ni wọ́n dáná fún yín. Sọ ọ́ di ìlọ́po 11, ó lé díẹ̀ ní 10,000. Nínú 912 yìí, 73 péré ló jẹ́ ojú ìwé tó tọ́ kí wọ́n sè, fún bọ́ọ̀tì tó tọ́ kó jẹ ẹ́. Wo ìlà mẹ́ta yìí, láàárín ìṣẹ́jú mẹ́fà ni wọ́n wáyé:

`/adire?awo=elu&iwon=5`
`/adire?iwon=5&awo=elu`
`/adire?awo=elu&iwon=5&fbclid=IwAR…`

Lójú èmi àti ìwọ, ohun kan náà ni: àdìrẹ eléèlú, yáàdì márùn-ún. Lójú cache, ilé mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ìkíní àti ìkejì yàtọ̀ nítorí pé oníbàárà kan kọ́kọ́ tẹ àwọ̀, èkejì kọ́kọ́ tẹ ìwọ̀n. Ìkẹta gbé ìrù tí Facebook ń so mọ́ líǹkì dání, ìrù yẹn sì máa ń yàtọ̀ ní gbogbo ìgbà, nítorí náà kò sígbà tí cache máa rí i kó sọ pé òun ti sè é rí.

Kó o tó mọ̀ bó ṣe pọ̀ tó, bá mi ṣírò rẹ̀. Àwọ̀ mẹ́jọ lẹ ní, pẹ̀lú «gbogbo àwọ̀» ó di mẹ́sàn-án. Ìwọ̀n mẹ́rin, pẹ̀lú «gbogbo ìwọ̀n» ó di márùn-ún. Ọ̀nà mẹ́ta lẹ fi ń to ọjà, pẹ̀lú èyí tí wọn ò tò ó di mẹ́rin. Mẹ́sàn-án lọ́nà márùn-ún lọ́nà mẹ́rin, 180 nìyẹn fún abala kan ṣoṣo. Abala 12 lẹ ní: 2,160. A ò tíì ka ti ẹni tó kọ́kọ́ tẹ ìwọ̀n kó tó tẹ àwọ̀. Bọ́ọ̀tì ò sì mọ ẹ̀sọ̀. Gbogbo líǹkì tó bá rí ló ń tẹ̀ lé. Nínú 912 yẹn, 388 ló jẹ́ irú èyí, 171 míì sì jẹ́ ti ìrù Facebook àti ti ìpolówó, àwọn `utm` tẹ́ ẹ fúnra yín ń so mọ́ líǹkì nígbà tẹ́ ẹ bá polówó.

Bó o ṣe máa tún un ṣe rèé. Kí àdírẹ́ẹ̀sì kankan tó dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń render, jẹ́ kí sáfà tìrẹ kọ́kọ́ fọ̀ ọ́. Ọ̀pọ̀ máa ń ṣe orúkọ àwọn ìrù tí wọn ò fẹ́ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan: fbclid, gclid, utm_source… Má ṣe bẹ́ẹ̀. Ìrù tuntun ń jáde lójoojúmọ́, wàá máa lé e títí ni. Kọ orúkọ àwọn tó o gbà láàyè, kó o gé gbogbo ìyókù dànù. Ní tiyín, ọ̀kan péré ni mo máa gbà láàyè fún bọ́ọ̀tì: nọ́ńbà ojú ìwé, ìyẹn `oju=2`, `oju=3`. Tó bá ju ẹyọ kan lọ, tò wọ́n ní a-b-d kí àwọ̀ àti ìwọ̀n má máa sáré lé ara wọn. Sọ lẹ́tà ńlá di kékeré, sì pinnu bóyá àmì ìdábùú (`/`) máa wà lẹ́yìn àdírẹ́ẹ̀sì tàbí kò ní í wà.

Fún àwọn ojú ìwé àwọ̀ àti ìwọ̀n, fi ìlà kan sínú robots.txt, fáìlì tí bọ́ọ̀tì ti ń ka ibi tó lè wọ̀ àti ibi tí kò gbọ́dọ̀ wọ̀, tó ní kí bọ́ọ̀tì má wọ̀ ọ́ rárá. Àwọn kan á ní canonical tó, ìyẹn àmì tó ń sọ fún Google pé «ojúlówó mi wà lọ́hùn-ún». Canonical dáa, àmọ́ bọ́ọ̀tì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹun kó tó ka ohun tó wà nísàlẹ̀ àwo. Wọ́n á ti dáná. Robots.txt ní tirẹ̀, ẹnu ọ̀nà ló ti ń dá a padà. Ṣùgbọ́n má fi robots.txt dí ojú ìwé tó ní fbclid. Líǹkì tí àwọn oníbàárà ń pín nìyẹn. Gígé ni kó o gé ìrù rẹ̀, kó o jẹ́ kó wọlé.

Ní ti ta ló tọ́ kó jẹun, 143 nínú 912 lọ sọ́dọ̀ àwọn tí kò ní í ra àdìrẹ láéláé. AhrefsBot àti SemrushBot ló pọ̀ jù níbẹ̀, àwọn irinṣẹ́ tí àwọn tó ń ṣe SEO, ìyẹn iṣẹ́ mímú kí Google tètè rí wẹ́ẹ̀bùsáìtì, fi ń ṣọ́ wẹ́ẹ̀bùsáìtì ara wọn. Mi ò bá wọn jà, wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún robots.txt. Ṣùgbọ́n kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń gbọ́únjẹ fún wọn? Ó dá mi lójú pé orí íntánẹ́ẹ̀tì lo ti kó àkójọ orúkọ bọ́ọ̀tì yẹn, o sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀ bó ṣe wà. Gbogbo wa la ṣe é rí. Yọ wọ́n. Fi Googlebot, Bingbot, Facebook, WhatsApp, Twitterbot àti LinkedIn sílẹ̀. Àwọn bọ́ọ̀tì AI bíi GPTBot, tí OpenAI kéde lọ́dún 2023, ìpinnu òwò nìyẹn: púpọ̀ nínú wọn kì í sè é fúnra wọn, tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ẹ ń ta àdìrẹ, ẹ fún wọn ní ti sísè, kí ẹ̀dà tó wà nínú cache sì pẹ́ dáadáa fún wọn.

Mo tún rí mélòó kan tó pe ara rẹ̀ ní Googlebot, tí IP rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà ẹ̀rọ tó ti wá, sì wá láti ibi kan tí kò jẹ mọ́ Google. Ẹnikẹ́ni ló lè kọ «Googlebot» sáyà. Béèrè orúkọ tí IP yẹn ń jẹ́ padà nínú DNS, ìwé orúkọ íntánẹ́ẹ̀tì. Tí kò bá parí sí googlebot.com tàbí google.com, tàbí tí orúkọ yẹn ò bá padà mú ọ dé IP kan náà, olè ni.

Ojú ìwé tí kò sí, 96. Ìdajì rẹ̀ ń wá `wp-login.php`, ẹnu ọ̀nà àwọn ilé tí wọ́n fi WordPress kọ́, bẹ́ẹ̀ WordPress kọ́ lẹ fi kọ́ ilé yín. Ìyókù jẹ́ ọjà tó ti tán, tí React ń kọ «Ọjà yìí ti tán» sí lẹ́wà lẹ́wà, tí sáfà sì ń dá 200 padà, ìyẹn «ó wà, ó dáa», bíi pé kò sí nǹkan kan. Jẹ́ kí sáfà kọ́kọ́ wo inú database pé ṣé ọjà yìí wà. Kò sí? 404, ìyẹn «kò sí níbí», ní kíá, láìdáná.

Ó ku 41 tí mo ti sọ̀rọ̀ rẹ̀. Àwọn ìpè yẹn, kóòdù rẹ ló ń pè wọ́n padà lójú ẹsẹ̀ tí wọ́n bá ti kùnà. Èyí ni mo máa fara balẹ̀ sọ, torí ó ti bá mi lálejò rí.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mò ń bá iléeṣẹ́ kékeré kan ṣiṣẹ́ tó ń bá àwọn ilé ẹ̀kọ́ tẹ èsì ìdánwò sí PDF. Àwa náà ń lo ilé iṣẹ́ tó ń render, òdiwọ̀n ojoojúmọ́ ni wọ́n fún wa, kì í ṣe ti oṣù. Mo ṣètò rẹ̀ kó máa bẹ̀rẹ̀ ní agogo méjìlá òru, kí òdiwọ̀n ọjọ́ tuntun lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú wa. Ọgbọ́n ni mo pè é. Ohun tí mi ò rò ni pé agogo UTC, ìyẹn agogo àjùmọ̀lò àgbáyé, ni ẹ̀rọ tiwọn ń lò, Nàìjíríà sì fi wákàtí kan ṣíwájú UTC. Agogo méjìlá òru tiwa, agogo mọ́kànlá alẹ́ àná ni lọ́dọ̀ wọn. Ìyókù òdiwọ̀n àná ni mo ń jẹ. Kò pẹ́ tó fi tán, 429 bẹ̀rẹ̀. Kóòdù mi, tí mo kọ fúnra mi, ní kí ìpè tó bá kùnà tún lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, láìsinmi. Kí agogo kan tó lù tí ọjọ́ tuntun wọn ì bá fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti ti kọ́kọ́rọ́ wa pa, wọ́n rò pé ẹnì kan ń gbógun tì wọ́n. Ní agogo méje àárọ̀, àwọn òbí ti ń pe ilé ẹ̀kọ́, ilé ẹ̀kọ́ ń pe ọ̀gá mi, ọ̀gá mi ń pe èmi. Mi ò jẹun lọ́jọ́ náà.

Torí náà, bí o bá rí 429, wo inú èsì rẹ̀ fún Retry-After. Iye ìṣẹ́jú àáyá tó o gbọ́dọ̀ dúró ló máa ń wà níbẹ̀, nígbà míì ọjọ́ àti aago ni. Tẹ̀ lé e. Tí kò bá sí níbẹ̀, dúró ìṣẹ́jú àáyá kan, lẹ́yìn náà méjì, mẹ́rin, mẹ́jọ, lẹ́yìn ìgbà kẹrin kó o fi sílẹ̀. Sì fi díẹ̀ tí kò dọ́gba kún ìdúró kọ̀ọ̀kan. Tó o bá ti rí bí òjò ṣe dá lójijì ní Oṣòdì rí, tí gbogbo ẹni tó sá sábẹ́ bíríìjì sáré sí dáńfó kan ṣoṣo pa pọ̀, wàá mọ ìdí rẹ̀. Ìpè ogún tí wọ́n kọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí gbogbo wọn sì dúró ìṣẹ́jú àáyá méjì géérégé, lẹ́ẹ̀kan náà ni wọ́n tún máa dé. Béèrè lọ́wọ́ àwọn tẹ́ ẹ ń sanwó fún pé ṣé wọ́n ń ka ìpè tó bá kùnà mọ́ òdiwọ̀n. Àwọn kan ń kà á, àwọn kan kì í kà á.

Ìbéèrè rẹ kejì, pé kí wọ́n máa tún gbogbo rẹ̀ sè lójoojúmọ́: rárá o. Ọjà 640 lọ́nà ọjọ́ 30, 19,200 nìyẹn, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó òdiwọ̀n yín méjì, fún àdìrẹ tí owó rẹ̀ lè máà yí padà láti ọdún Iléyá kan dé òmíràn. Jẹ́ kí cache pẹ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin fún ọjà, ọjọ́ kan fún ojúlé àti abala 12 yẹn. Lẹ́yìn náà, so ìtúnsè mọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ọ̀gá rẹ: nígbàkígbà tó bá yí iye owó padà tàbí tó sọ pé ọjà kan ti tán, kí sáfà pe àwọn tó ń render pé kí wọ́n tún ojú ìwé ẹyọ kan yẹn sè. Ẹyọ kan, kì í ṣe 640. Bó bá jẹ́ pé ó yí owó gbogbo ọjà padà lọ́jọ́ kan ṣoṣo, bí dọ́là ṣe máa ń mú ènìyàn ṣe, fi wọ́n sórí ìlà kí wọ́n máa lọ mẹ́ta mẹ́ta, kí ìkòkò méjì lè ṣófo fún àwọn bọ́ọ̀tì.

Àti pé tí cache ojú ìwé kan bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tán, tí bọ́ọ̀tì mẹ́rin dé pa pọ̀, kóòdù rẹ báyìí máa dáná mẹ́rin. Fi àgádágodo sí i: ẹni tó kọ́kọ́ dé ló dáná, àwọn yòókù jókòó dè é.

WhatsApp ló dùn ún yanjú jù. Kò nílò render rárá. Fóònù ẹni tó ń fi líǹkì ránṣẹ́ ló máa ń lọ wo ojú ìwé náà, ohun tó sì ń wá kò ju ìlà mélòó kan lọ lókè HTML: `og:title`, `og:description`, `og:image`. Sáfà yín mọ orúkọ ọjà, ó mọ ibi tí àwòrán wà. Jẹ́ kó kọ ìlà wọ̀nyẹn sínú òfìfo yẹn fúnra rẹ̀ kó tó fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni, ènìyàn tàbí bọ́ọ̀tì. Iṣẹ́ ọ̀sán kan ni. Bí òdiwọ̀n bá tilẹ̀ tán lọ́la, àwòrán àdìrẹ yín á ṣì máa jáde nínú gbogbo ìjíròrò WhatsApp, níbi tí ẹ ti ń tajà ní tòótọ́. Èyí ni kó o kọ́kọ́ ṣe, kó o tó fọwọ́ kan ohunkóhun nínú gbogbo ohun tí mo ti kọ.

Síbẹ̀, ọjọ́ kan lè dé tí òdiwọ̀n máa tán lóòótọ́. Má ṣe jẹ́ kí bọ́ọ̀tì rí òfìfo lọ́jọ́ náà. Gbogbo HTML tí wọ́n bá sè fún yín, fi ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́ sọ́dọ̀ ara yín. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá tó 100KB, 640 ò ju 64MB lọ; fídíò ìgbéyàwó kan ṣoṣo lè tóbi jù ú lọ. Iye owó ọ̀sẹ̀ tó kọjá sàn ju òfìfo lọ. Tí ẹ̀dà bá sì wà tí ẹ ò ní rárá, ẹ dá 503, ìyẹn «a ò lè dá ọ lóhùn nísinsìnyí», padà pẹ̀lú Retry-After, kí Google lè mọ̀ pé ẹ̀ ń bọ̀. Àmọ́ ẹ má fi í pẹ́ fún ọjọ́ púpọ̀, torí wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ojú ìwé yín kúrò. Sì jẹ́ kí ẹ̀rọ fi ìméèlì ránṣẹ́ sí ọ bí iye ọjọ́ kan bá ti kọjá 333, tó jẹ́ ìpín kan nínú 30 ti 10,000. Ọjọ́ kẹta oṣù ló yẹ kó o ti mọ̀ pé wáyà wà lẹ́yìnkùlé.

O lè máa rò ó pé kó o kúkú fi Chrome sórí sáfà tìrẹ. Puppeteer wà, Playwright ti Microsoft wà, ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. Owó tó o máa fi pamọ́, oorun rẹ ni wàá fi san án. Docker, irinṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ fi ń gbé irú nǹkan báyìí sórí sáfà, bí àpẹẹrẹ, 64MB péré ló máa ń fún `/dev/shm`, ibi mẹ́mọ́rì tí Chrome ń lò, Chrome á sì máa kú sí ọ lọ́wọ́ láìsọ ìdí, títí wàá fi mọ̀ pé ibẹ̀ ló ti wá. Kì í ṣe nísinsìnyí.

Tó o bá béèrè ohun tí èmi ìbá ṣe ká ní èmi ni mo ni ilé ìtajà yẹn, mi ò ní render fún bọ́ọ̀tì rárá. Ọjà 640! Mo máa jẹ́ kí gbogbo wọn di HTML lọ́jọ́ tí mo bá kọ́ wẹ́ẹ̀bùsáìtì náà, kí ènìyàn àti bọ́ọ̀tì máa jẹ nínú àwo kan náà. Next.js tàbí Astro ń ṣe é. Ó lè gbà ọ́ ní oṣù kan láti kó kóòdù rẹ lọ, mi ò ní kó o bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ṣùgbọ́n nígbà tó o bá fẹ́ tún ilé yẹn kọ́ fún ìdí mìíràn, rántí.

Fún ọ̀sẹ̀ méjì tó o bẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ: ìlà og lọ́jọ́ kìíní, fífọ àdírẹ́ẹ̀sì àti àkójọ bọ́ọ̀tì kí ọ̀sẹ̀ tó parí, bọ́tìnnì «Ẹ bá wa sọ̀rọ̀» àti ìpè tó ń padà ní ọ̀sẹ̀ kejì. Tó bá di ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, fi àkọsílẹ̀ ọjọ́ kan ránṣẹ́ sí mi padà. Mò ń retí nǹkan bí 100 níbi tí 912 wà. Tó bá ju 200 lọ, má tíì sanwó. Àárín wọn la máa jọ wá ẹni tó kù.